Ìwé Ìjẹ́wọ́ Tí Adájọ́ Kò Gbà

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì ń wọ yẹ̀rì ilé ẹ̀kọ́, tí n kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, Èrìjìyàn ni gbogbo ayé lójú mi. Oko kòkó wa, ilé ẹ̀kọ́ wa, àti ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà lórí òkè, ibẹ̀ ni ayé bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló parí sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti gbọ́ lẹ́nu mi bí a ṣe ń fọ́ kòkó, bí a sì ṣe ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà Àrámọ̀kọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, n kì í sábà sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni. Ẹ̀rù ọjọ́ náà kò tíì tán lára mi títí di òní. Kì í ṣe ẹ̀rù tí ń léni sá o. Ẹ̀rù tí ń mú kí ènìyàn dúró jẹ́ẹ́, kó gbàgbé láti pa ẹnu dé ni.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó sì jẹ́ bàbá ìjọ. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ tẹ ìka sí ìwé kankan láìjẹ́ pé ọmọ rẹ̀ kan kọ́kọ́ kà á fún un. Aládùúgbò wa kan wà tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Kí n tó gbọ́njú, ọ̀rẹ́ ni òun àti bàbá mi, wọ́n jọ máa ń ṣe àáró: òní ní oko tèmi, ọ̀la ní oko tìrẹ. Ẹ̀yìn náà ni ìjà ààlà dé. Bàbá mi ní aládùúgbò wa fa pèrègún tó pààlà oko méjèèjì tu, ó sì tún un gbìn sínú oko tiwa. Òun náà ní irọ́ ni. Àwọn àgbà ìlú dá ẹjọ́ náà fún bàbá mi. Bí ọkùnrin yìí ṣe dìde láàrin àwọn ènìyàn, ó ní, “Ohun tí ó fi ń yan yìí, a ó jọ máa wò ó.” Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ìbínú ni, ṣùgbọ́n ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bó bá ti já bọ́, kò ṣe é kó mọ́.

Ní Sunday ìkórè, a wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan, à ń kọrin, a gbé uṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé iwájú pẹpẹ, ni ẹnì kan ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “Uná o! Uná o!” A sáré jáde. Láti orí òkè yẹn, a rí èéfín tó ń yọ ní ìsàlẹ̀ ìlú, ó dúdú, ó sì ń ga. Ilé tí bàbá mi ń kó kòkó sí ni. Kí a tó dé ibẹ̀, òrùlé ti wó. Òógùn ọdún odidi ló jóná níṣojú wa. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ìkórè rẹ̀. Bàbá mi kò jókòó, kò sì sunkún. Ó kàn ń wo eérú.

Ta ni kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà? Aládùúgbò wa ni. Ta ló sì ti sọ̀rọ̀ ní gbangba? Òun náà ni. Kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá ti mú un lọ sí àgọ́ wọn ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìròyìn dé pé ó ti jẹ́wọ́. Ìlú sinmi. Wọ́n ní, “Ẹ ò rí i? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.”

Ṣùgbọ́n èmi mọ bí ẹnu náà ṣe sọ ọ́.

Ní ọjọ́ tó jẹ́wọ́ náà gan-an, sájẹ́ǹtì tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà ti ránṣẹ́ pe bàbá mi pé kó wá wo agolo kẹrosíìnì kan tí wọ́n ní àwọn rí nílé aládùúgbò wa, kó sì tẹ ìka sí ìwé. Bàbá mi mú mi dání kí n lè ka ìwé náà fún un. A dé ibẹ̀, wọ́n ní kí a dúró lẹ́nu káńtà. A dúró pẹ́. Mo fẹ́ tọ̀, ni ọlọ́pàá kan bá nàka sí ẹ̀yìn ilé. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí ẹran ń mí lẹ́yìn tí wọ́n dè é lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Fèrèsé onípákó kan wà níbẹ̀ tí pákó rẹ̀ kan ti ṣí. Mo yọjú.

Aládùúgbò wa ló wà nílẹ̀. Wọ́n ti fi okùn so ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti wú débi pé aṣọ rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Sájẹ́ǹtì náà jókòó sórí àpótí, ìwé kan wà lórí itan rẹ̀. Ọlọ́pàá kejì tú okùn náà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà, ọwọ́ náà sì rọ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn pa. Ọlọ́pàá yìí fúnra rẹ̀ ló di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ó tì í bọ inú tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà. Ẹnikẹ́ni kò kà á fún un. Bí aládùúgbò wa ṣe gbójú sókè báyìí, ó rí mi. Ó ní, “Ọmọ mi, omi.” Ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

N kò bu omi fún un. Mo sá.

Lójú ọ̀nà ilé ni mo sọ fún bàbá mi. Ó dúró láàrin ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ohun tí o rí yẹn, o kò rí i. Ṣé o gbọ́?” Mo ní, “Mo gbọ́, Bàbá.” Ẹ má bá mi bú bàbá mi o. Ènìyàn tí iṣẹ́ ọdún kan rẹ̀ jóná, tí wọ́n sì sọ fún un pé a ti rí ẹni tó dáná sun ún, etí rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò pè mí kí n ka Bíbélì fún un mọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ti tó ẹni ogún ọdún nígbà náà, ló ń pè. Òun náà sì ti di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé. Mo rò pé ìbànújẹ́ kòkó ni.

Ó pẹ́ gan-an kí ẹjọ́ náà tó dé iwájú adájọ́ àgbà ní Adó. Ọkọ̀ onípákó gbé wa láti Àrámọ̀kọ. N kò tíì rí ilé tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Àjà rẹ̀ ga, ibẹ̀ sì dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí akọ̀wé ṣe ń fi kálámù họ ìwé. Nígbà tí adájọ́ wọlé, gbogbo wa dìde, àti àwa àti àwọn ọlọ́pàá. Aṣọ pupa ló wọ̀, irun funfun kan sì wà lórí rẹ̀ bí òwú tí a kò tíì ran. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́.

Agbẹjọ́rò ìjọba sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì gbé ìwé ìjẹ́wọ́ náà jáde. Àwọn ará ilé wa mí kanlẹ̀, wọ́n rò pé ẹjọ́ ti parí. Lọ́yà tí àwọn ẹbí aládùúgbò wa wá fún un, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bá dìde. Ó ní òun kò fara mọ́ ọn kí ìwé náà wọlé, nítorí ìyà ni wọ́n fi gbà á lẹ́nu oníbàárà òun.

Adájọ́ fi kálámù sílẹ̀. Ó dá gbogbo ẹjọ́ dúró.

Ògbufọ̀ rọra ṣàlàyé fún wa, ó ní, “Ẹjọ́ inú ẹjọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe báyìí. Wọn kò ní bèèrè bóyá ó dáná sun ilé tàbí kò sun ún. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ mọ̀.” Àbúrò bàbá mi, tó jókòó tì mí, sọ lábẹ́lẹ̀ pé, “Ṣebí ó ti jẹ́wọ́? Kí ló tún kù?” Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe rò. Nílé wa, bí ọmọdé bá ti jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ tán. A kì í bèèrè iye ẹgba tó jẹ kó tó jẹ́wọ́. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni ohun tí adájọ́ sọ fún agbẹjọ́rò ìjọba. Ó ní, “Kì í ṣe òun ni yóò fi hàn pé ẹ lu òun. Ẹ̀yin ni ẹ ó fi hàn pé ẹ kò lù ú.”

Sájẹ́ǹtì náà wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí. Ó gbé Bíbélì sókè, ó búra. Ó ní àga ni òun fi ọkùnrin náà jókòó sí, pé òun fún un ní tíì gbígbóná àti búrẹ́dì, àti pé fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ tú àṣírí ọkàn òun. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń ka ìwé. Mo ń wo bàbá mi. Bíbélì tí sájẹ́ǹtì náà fi búra ni ó tẹjú mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú aládùúgbò wa wọlé sínú àpótí. Ó ká apá aṣọ sókè, ó fi ojú okùn hàn wọ́n, ó ti di àpá. Ó ní, “Olúwa mi, wọ́n ní kí n jẹ́wọ́. Mo ní kí ni n ó jẹ́wọ́? Wọ́n bá sọ ohun tí n ó jẹ́wọ́ fún mi.” Agbẹjọ́rò ìjọba ní irọ́ ló ń pa, pé oko ló ti fi okùn ọ̀pẹ ha ara rẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan fún un. Adájọ́ ní kí gbogbo wa lọ sinmi fún ìgbà díẹ̀.

Abẹ́ igi kan wà nínú ọgbà ilé ẹjọ́ náà. Ibẹ̀ ni bàbá mi dúró sí, kò jẹun, kò mu omi. Nígbà tó yá, ó mú ọwọ́ mi, ó sì kọjú sí ibi tí lọ́yà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wà. Àbúrò rẹ̀ fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o? Ọ̀tá yín lẹ fẹ́ lọ gbà sílẹ̀?”

Bàbá mi ní, “Ọkùnrin yẹn gbé Bíbélì sókè, ó ní tíì ni òun fún un. Ọmọ mi sì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun ló sun kòkó mi, òótọ́ ni kí wọ́n fi mú un.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pè mí. Àpótí ẹlẹ́rìí ga jù mí lọ, wọ́n gbé pákó kan sí abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Adájọ́ yí ojú sí mi, ó sì fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí irọ́ jẹ́. Mo ní, “Irọ́ ni kí n má rí nǹkan, kí n ní mo rí i.” Ó ní, “Ṣé èyí nìkan ni?” Mo ronú. Mo ní, “Kí n rí i, kí n ní n kò rí i, irọ́ náà ni, sà.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n sọ ohun tí mo rí, mo sì sọ ọ́, láti orí pákó fèrèsé tó ṣí títí dé orí omi tí n kò bù.

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde. Ó ní, “Ta ló kọ́ ọ ní ohun tí o ń sọ yìí? Ta ló ní kí o wá sọ ọ́?”

Mo wo bàbá mi. N kò mọ ohun mìíràn tí n ó sọ ju òtítọ́ lọ. Mo ní, “Bàbá mi ní kí n má sọ ọ́, sà. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n sọ ọ́.”

Ariwo sọ nínú ilé ẹjọ́, akọ̀wé sì ní kí wọ́n dẹ́kun rẹ̀. Bàbá mi tẹ orí ba. Agbẹjọ́rò ìjọba jókòó.

Ọjọ́ kejì ni adájọ́ sọ ìpinnu rẹ̀. Mo ti dàgbà, mo ti kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti gbọ́ ìwàásù lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára tó èyí. Ó ní, “N kò sọ pé ọkùnrin yìí kò dáná sun ilé. N kò tíì dé ibẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀, kò ní wọ ilé ẹjọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí a fi ìyà fà jáde lẹ́nu ènìyàn, ìyà ló sọ ọ́, kì í ṣe ènìyàn náà.” Ó sì ní kí wọ́n gbé ìwé náà kúrò níwájú òun.

Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú ti gbà gbọ́, tí ìbá ti ọkùnrin kan mọ́ ẹ̀wọ̀n títí irun rẹ̀ yóò fi funfun, akọ̀wé kan ló mú un ní ìka méjì, tó dá a padà. Ẹni tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bu omi fún, gbogbo agbára ìjọba dúró nítorí rẹ̀, ilé ẹjọ́ ń bi wọ́n pé kí ni ẹ ṣe fún un. Orí mi wú. Ìjọba kò ní ẹ̀rí mìíràn ju ọ̀rọ̀ ìjà ààlà yẹn àti agolo kẹrosíìnì tí kò sí ilé tí kò ní irú rẹ̀ lọ, nítorí náà adájọ́ dá aládùúgbò wa sílẹ̀.

Ọkọ̀ kan náà ló gbé gbogbo wa padà. Kò sí òmíràn. Aládùúgbò wa àti bàbá mi jókòó kọjú sí ara wọn láti Adó títí dé Àrámọ̀kọ. Níbi tí a ti sọ̀kalẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú aládùúgbò wa. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, n kò bu omi náà.” Ó fẹ́ gbé mi dìde, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lágbára tó. Ó ní, “O ti bù ú, ọmọ mi. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ni.”

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ní ọjọ́ kẹta tí a dé, a wà ní oko, bàbá mi ń ṣán abẹ́ igi kòkó, ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ewé gbígbẹ. Ó ní, “Bàbá, èmi ni.” Òjò ti pọ̀ lọ́dún náà, kòkó kò tètè gbẹ. Ní àárọ̀ Sunday yẹn, kó tó wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dá iná díẹ̀ sí abẹ́ àtẹ kòkó nínú ilé náà láti fi yá a. Ó rò pé òun ti pa iná náà dáadáa. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yẹn fi wà ní àtìmọ́lé ló fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ló bà á. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ ohun tí èmi kékeré sọ nínú àpótí ẹlẹ́rìí, oorun kò kun òun mọ́.

Bàbá mi kò na ọwọ́ sí i. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ó sì sunkún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí omi lójú rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó ní, “Ó yá.” Ilé aládùúgbò wa ni ó mú wa lọ tààrà, pẹ̀lú ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀ wa.

Ọkùnrin náà jókòó sí iwájú ilé. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó sọ tán, ọkùnrin náà kò bú u. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó wo apá rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá bi bàbá mi pé, “Ṣé ẹ lù ú kó tó sọ ọ́?”

Bàbá mi ní, “N kò fọwọ́ kàn án.”

Ó ní, “Ó dáa. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà.”

Láti ọdún náà lọ, ẹ̀gbọ́n mi ló ń ro oko ọkùnrin yẹn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò gbá àdá mú dáadáa mọ́ títí tó fi kú. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ fún pèrègún tuntun, àwọn méjèèjì sì jọ gbìn ín.

Ayé ti yí padà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, Àrámọ̀kọ ni mo ń gbé báyìí. Wọ́n ní òfin tuntun ti dé, pé kí wọ́n máa ya fídíò ẹni tó bá ń jẹ́wọ́, kí lọ́yà tàbí ẹbí rẹ̀ jókòó tì í. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ìròyìn, ẹ mọ̀ pé fèrèsé bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ nílẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ẹnì kan ń yọjú wò. N kò ní tàn yín.

Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, ọlọ́pàá méjì wá sí ilé mi lọ́sàn-án kan nítorí jẹnẹrétọ̀ tó sọnù ládùúgbò. Ọmọkùnrin tó háyà yàrá lọ́dọ̀ mi ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n ṣe dé, mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá mi. Èyí tó kéré nínú wọn, ọmọ tí ǹ bá ti kọ́ ní á-bí-dí ní kíláàsì mi, kí ọmọkùnrin náà, ó sì ní, “O lè dákẹ́ bí o bá fẹ́. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, pe lọ́yà rẹ tàbí ẹbí rẹ kan kó wá jókòó tì ọ́, a ó sì máa ya fídíò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fipá mú ọ.”

Mo ní, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, tún un sọ.”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Màmá, ṣé mo ṣì í sọ ni?”

Mo ní, “Rárá o. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i ni.”

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi parí.